Dúdú Ni A Ń Bọ́, Wúrà Kọ́ Ni A Ń Kùn

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn onídìrí àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn níbi ìpàdé kan ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń dirí láti ìgbà tí òwú dúdú ṣì jẹ́ ọba lórí àwọn obìnrin, ẹ̀yin ọ̀gá tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin díẹ̀ tí ẹ kò jẹ́ kí ẹ̀sín àwọn ọ̀rẹ́ lé yín kúrò nídìí irun, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ kú owó mọ́tò. Ìyá wa alága, ìbà yín o. Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé ẹ̀kọ ra mí lọ́wọ́ lónìí, ẹ bá mi nù ún.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní háíláìtì: kí irun dúdú wà lórí, kí àwọn ìlà tó ń dán bíi wúrà sì máa yọ láàrin rẹ̀. Kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Ta ni nínú wa tí oníbàárà kò tíì na fóònù sí lójú rí, tí ó ní, "Àǹtí, báyìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ẹ"? Ẹ wò ó, kò sí ọwọ́ kan tó sókè. Ìbéèrè kejì: ta ni nínú wa tí oníbàárà náà kò bi pé wákàtí mélòó ni yóò gbà, nítorí pé òun ń lọ sí òde ìgbéyàwó lọ́la? Ẹ̀rín yín ti dá mi lóhùn. Láàrin àwòrán tó wà nínú fóònù àti òde ìgbéyàwó ọ̀la ni orí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jóná, àárín ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí a jókòó sí lónìí.

IBI TÍ WÚRÀ NÁÀ WÀ

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbé wá láti ilé. A kì í kun wúrà sí irun dúdú. Dúdú ni a ń bọ́ kúrò títí wúrà yóò fi yọ. Mo tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn: dúdú ni a ń bọ́, wúrà kọ́ ni a ń kùn.

Ẹ ronú kan aláró. Obìnrin tó ń ṣe adìrẹ, aṣọ funfun ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò fi ìkó di ibì kan, tàbí kí ó fi ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, kí ó sì fi ya àwòrán sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Nígbà tí ó bá yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, tí ó tú ìkó, tí ó ha ẹ̀kọ dànù, ìlà funfun tí a ń rí kì í ṣe ohun tí ó kùn. Aṣọ tí aró kò kàn ni. Iṣẹ́ tiwa kọ ẹ̀yìn sí tirẹ̀. Orí tó jókòó sórí àga wa, Ọlọ́run ti rẹ ẹ́ sínú aró kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Bí ẹnìkan bá gbé aṣọ tí a ti rẹ, tó dúdú kirikiri, wá fún ọ, tó ní kí o ya òdòdó funfun sí i lára, ṣé ẹfun ni wàá fi yà á? Bí wàá ṣe yọ aró kúrò ni wàá máa wá, aṣọ náà ni yóò sì san owó rẹ̀.

Ẹyọ irun kan kéré lójú, ṣùgbọ́n ilé ni. Ìpẹ́ wà níta rẹ̀, tí wọ́n to lé ara wọn bíi páànù orí ilé. Abẹ́ ìpẹ́ yìí ni ara irun gan-an wà, ibẹ̀ ni àwọ̀ sì ń gbé. Mẹ́lánìn ni wọ́n ń pe àwọ̀ náà, oríṣi méjì sì ni: eumelanin, èyí tó dúdú, àti pheomelanin, èyí tó pupa, tó sì ń fà sí àwọ̀ ìyeyè. Dúdú yẹn ló kún orí tiwa. Bílíìṣì tí a ń pò ń ṣe iṣẹ́ méjì níbẹ̀. Agbára kan wà nínú rẹ̀ tó bá ti omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú tan. Èyí ni ó ń mú kí irun wú, tí páànù orí ilé yẹn yóò fi ṣí sókè. Hydrogen peroxide yóò wá gba ibẹ̀ wọlé lọ bá àwọ̀, yóò sì máa fọ́ ọ túútúú.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù nìyí. Dúdú ló kọ́kọ́ ń túká. Ohun pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í tètè lọ. Nítorí náà, irun dúdú kì í fò láti dúdú bọ́ sínú wúrà. Ó máa ń kọ́kọ́ dà bíi kọfí tí a kò fi mílíìkì sí. Lẹ́yìn náà yóò pọ́n bí osùn. Yóò di àwọ̀ epo pupa. Yóò dà bíi gàrí pupa. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni yóò tó dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àwọn oníṣẹ́ irun káàkiri ayé ti fún àwọn ìpele yìí ní nọ́ńbà, láti 1 dé 10. Dúdú ni 1, wúrà tó mọ́ jù lọ ni 10, àwọ̀ epo pupa sì wà ní nǹkan bíi 6. Ọ̀pọ̀ orí tó ń wọlé wá bá wa, 1 tàbí 2 ni wọ́n. Àwòrán inú fóònù yẹn sì lè jẹ́ 9. Kò sí ẹni tó ń ti Bẹẹrẹ gun Màpó tí yóò fi ìṣísẹ̀ kan débẹ̀.

Nígbà tí irun bá dé ibi àwọ̀ epo, oníbàárà á figbe ta, onídìrí á sì máa gégùn-ún fún ẹni tó ta ọjà fún un, pé ayédèrú ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayédèrú. Ojú ọ̀nà ni ẹ ṣì wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé epo pupa wà lójú ọ̀nà kò ní sáré gbé bílíìṣì mìíràn lé e lórí lójú ẹsẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù.

TA LÓ NI WÚRÀ?

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan wà níbí tí inú wọn kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìyá àgbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó wo ọmọbìnrin tí mo ń ṣe irun fún, ó ní, "Ṣé wọn kì í fún eléyìí ní oúnjẹ nílé ni?" Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà èwe àwọn ìyá wa, bí irun ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àìsàn tí àìjẹ oúnjẹ aṣaralóore ń fà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Gã ní ilẹ̀ Gánà wá. Irun pípọ́n lórí ọmọ dúdú jẹ́ ohun tí ìyá fi ń sunkún. Ẹ má bá wọn jà bí wọ́n bá fajú ro. Ojú wọn ti rí nǹkan.

Àwọn mìíràn ní àwọ̀ òyìnbó ni, kò yẹ wá. Èmi kò wá síbí láti pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó ṣe é tàbí kí ó má ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àfín wà láàrin wa, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n, irun wọn sì dà bíi wúrà láti inú oyún wá. Àwọn erékùṣù kan sì tún wà nínú Òkun Pàsífíìkì, Solomon Islands, tí àwọ̀ ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ dúdú bíi tiwa, síbẹ̀ tí nǹkan bí ènìyàn 5 sí 10 nínú 100 wọn ní irun wúrà. Wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé bóyá àwọn atukọ̀ òyìnbó ló bí wọn, tàbí pé oòrùn àti iyọ̀ òkun ló bó irun wọn. Ní ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ìyàtọ̀ kékeré kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní TYRP1 ló fà á, àti pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Òyìnbó pàápàá, ìyà ni ọ̀pọ̀ wọn jẹ kí ó tó rí wúrà. Ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn obìnrin máa ń gun orí òrùlé lọ jókòó sínú oòrùn. Wọn yóò dé fìlà koríko tó ní etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní àárín, wọn yóò fa irun jáde láti ojú ihò náà, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí etí fìlà bí ẹni sá àgbàdo, wọn yóò sì máa fi kàn-ìn-kàn-ìn bu omi eérú àti àwọn èlò mìíràn sí i, wákàtí lórí wákàtí. Ọdún 1818 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Jacques Thénard, ṣe àwárí hydrogen peroxide. Ọdún 1867 ni wọ́n sì gbé e wá sí ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú Paris láti fi han ayé pé ó lè bó irun. Omi inú ìgò tó wà lórí tábìlì yìí, ọmọ ọmọ ìyẹn ni.

Ó tó nípa ti ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ìgò.

Ọ̀RỌ̀ TÓ WÀ LÁRA ÌGÒ

Nọ́ńbà tó wà lára ìgò dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn omi peroxide tí a fi ń po páúdà bílíìṣì, mélòó nínú wa ló mọ ohun tí ó ń sọ? Ọ̀gá mi kò sọ fún mi, nítorí pé wọn kò sọ fún òun náà. A kàn mọ̀ pé 40 le ju 20 lọ, bí ata rodo ṣe ta ju tàtàṣé lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni èyí: ìgò 10 ní peroxide ìdá 3 nínú 100, ìgò 20 ní ìdá 6, ìgò 30 ní ìdá 9, ìgò 40 ní ìdá 12. Ìdá 12! Ẹ fi í sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ ó rí i pé yóò funfun, yóò sì máa ta yín.

Èrò tèmi, ẹ lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí a bá jẹun tán, ni pé ìgò 20 tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú orí tí a ń ṣe, bí a bá fún un ní àkókò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko. Ìgò 40 ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpẹ́ irun ni ó ń ṣí yabayaba, nígbà tí ẹ bá sì fi máa bojú wẹ̀yìn, àwọ̀ ti lọ, irun náà ti bá a lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ara ènìyàn gbóná. Ìdí irun tó sún mọ́ awọ orí máa ń tètè gba bílíìṣì ju ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lọ, nítorí ooru orí. Nítorí náà, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Páúdà ńkọ́? Páúdà bílíìṣì ní àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní persulfate, wọ́n sì wà lára ohun tí ó ń fa ikọ́ fée fún àwọn tí iṣẹ́ irun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Mo mọ ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó máa ń fi gbogbo agbára da páúdà sínú abọ́, tí kurukuru funfun yóò gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ń húkọ́ títí dòní. Ẹ rọra bu ú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì lo abọ́ ike, kì í ṣe abọ́ irin. Bí kò bá sí nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ẹ rà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

ORÍ TÍ MO BÀJẸ́

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi. Ọdún kẹta tí mo ṣe fúrídọ̀mù, tí mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, tí mo ń rìn bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan, ọmọbìnrin kan wọlé wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ìyàwó ní ọjọ́ kejì. Ó fẹ́ ìlà wúrà. Mo fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó ń dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní, "Ìgbà wo lo ṣe rílásà?" Ó ní ó ti pẹ́. N kò bi í pé báwo ni ó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀: n kò bi í. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe rílásà náà fún un ní àdúgbò mìíràn, wọ́n sì fi dáì dúdú lé e lórí kí ó lè dán fún òde.

Mo po páúdà mọ́ ìgò 40, nítorí pé mo fẹ́ kí ó yá. Mo fi fọ́ìlì wé e, mo sì gbé dúráyà gbígbóná bò ó. Wọ́n mú iná lọ. Mo jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, okùn rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń wá ẹni tí yóò bá mi so ó. Nígbà tí mo padà wọlé, ọmọ náà ní, "Àǹtí, ó ń ta mí o." Mo ní kí ó ní sùúrù. Mo ṣí fọ́ìlì àkọ́kọ́, ó pupa bí epo. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Mo ṣí ẹ̀kẹta, irun sì bá fọ́ìlì lọ. Kò dún rárá. Ó kàn jókòó sínú fọ́ìlì náà bí òwú tútù, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sáré lọ sídìí omi. Ẹ̀rọ omi gbẹ, garawa kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ mi sì ti fi fọ àwọn táwẹ̀lì.

Gèlè ló gba ọmọ náà là lójú òde. Ní ọjọ́ Àìkú, mo mú àwọn àgbà méjì dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi kò gbé irun wá bá ọ. Orí ló gbé wá."

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú irun yẹn? Okùn wà nínú irun tí ó so ó pọ̀, tí ó fún un lágbára. Rílásà ń já nínú àwọn okùn náà kí irun tó lè nà. Bílíìṣì náà ń já nínú wọn. Ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí a tún wá já a ní ọjọ́ Ẹtì, kí ló kù tí yóò fi dúró? Irun tiwa sì tún rí lọ́tọ̀. Ó ń lọ́, ó ń ká, kò sì rí róbótó bí ti àwọn tí irun wọn nà. Ibi tí ó bá ti ká ni ó ti máa ń rọrùn láti dá. Òróró orí kì í sì í lè sáré dé òpin rẹ̀ nítorí àwọn ìkáko wọ̀nyẹn, ìdí nìyí tí ó fi máa ń gbẹ. Nítorí náà, mi ò fi bílíìṣì sórí irun tó ní rílásà mọ́, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Àwọn ọ̀gá kan ń ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ wọn sì mọ́. Èmi kò ṣe é.

Dáì dúdú ti tirẹ̀ tún wà níbẹ̀. Dáì kì í gbé dáì kúrò. Bí ẹnìkan bá ti fi dáì dúdú sórí, tí ẹ wá fi dáì àwọ̀ wúrà lé e, asán ni. Bílíìṣì ni a sábà máa ń fi yọ ọ́, kì í sì í yọ ọ́ dọ́gba. Làálì náà wà níbẹ̀. Ewé làálì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú páálí tí wọ́n ti po iyọ̀ irin mọ́. Bí peroxide bá pàdé iyọ̀ irin lórí ènìyàn, yóò gbóná, yóò máa ru, irun yóò sì já. Ẹ gé ìwọ̀nba irun díẹ̀ níbi ìpàkọ́, ẹ fi í sínú peroxide nínú abọ́ ike. Bí ó bá gbóná, tàbí tí ó ń hó, ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó máa lọ.

Àyẹ̀wò mìíràn rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ fa ẹyọ irun kan tó tutù láàrin ìka méjì. Irun tó dára yóò nà díẹ̀, yóò sì padà sí bí ó ṣe wà. Èyí tí kò dára yóò nà bí ewédú, kò sì ní padà. Tàbí kí ó já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi bílíìṣì sí ìwọ̀nba irun tí ẹ gé, ẹ wo aago, kí ẹ lè mọ ìṣẹ́jú tí yóò lò àti àwọ̀ tí yóò dé. Bí ẹ óò bá sì lo dáì tàbí tónà, èyí tí a fi ń tún àwọ̀ irun ṣe lẹ́yìn bílíìṣì, ẹ tọ́ ọ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹni tó ní òun kò lè dúró fún wákàtí 48, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ bá ẹni tí yóò sáré fún un.

ÌLÀ, KÌ Í ṢE ODINDI ORÍ

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn háíláìtì ju kí a bó gbogbo orí lọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú irun yóò wà ní àlàáfíà. Ìlà díẹ̀ ni a ń mú. Bílíìṣì kò sì ní kan awọ orí bí ọwọ́ bá mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni fìlà rọ́bà oníhò, tí a ó ki abẹ́rẹ́ oníkọ́ bọ̀ láti fa irun jáde ní ẹyọ ẹyọ. Ó ti di ti àtijọ́, ó sì ń dun orí irun tó ká; mo kọjá lórí rẹ̀. Ti èkejì ni fọ́ìlì: a ó fi ìrù òòyà mú irun tín-ín-rín, a ó máa fò ọ̀kan mú ọ̀kan bí ẹni ń hun ẹní, a ó tẹ́ ẹ sórí fọ́ìlì, a ó kùn ún, a ó sì ká a. Ti ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní balayage, ìyẹn ni pé kí búrọ́ṣì kàn gbá orí irun kọjá, láìsí fọ́ìlì, bí ìgbà tí a fi ọwọ̀ gbálẹ̀.

Ibi tí èmi ti yàtọ̀ sí àwọn fídíò tí ẹ ń wò ni èyí. Àwọn ìlà tín-ín-rín wọ̀nyẹn dára lórí irun tó nà, nítorí pé ojú ń rí ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí irun tó ká bíi tiwa, ìlà tín-ín-rín yóò sọnù sínú dúdú, bí ìgbà tí ènìyàn fi owó fàdákà kan sínú àpò ẹ̀wà. Ẹ mú irun díẹ̀ tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ọwọ́ kun ìgbẹ̀yìn ìkáko tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀, ní iwájú orí àti ní òkè, kí ẹ sì fi ìdí sílẹ̀. Ìdí dúdú yìí ń ṣe oore méjì. Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, kò sì ní pariwo bí ó bá ń hù, nítorí pé dúdú ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Awọ orí sì bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan mú yín dé 10. Àwọ̀ oyin, ní 7 tàbí 8, máa ń mú kí ojú aláwọ̀ dúdú tàn ju wúrà funfun gbòò lọ, ó sì ń dá ìlàjì ìyà irun dúró. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun náà ni àtáṣìmẹ́ǹtì nọ́ńbà 27 tí gbogbo yín ń tà.

Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ńbà 27 yẹn. Oníbàárà tí rílásà wà lórí rẹ̀, tí òde rẹ̀ jẹ́ ọ̀la, ẹ po 1B, ìyẹn àtáṣìmẹ́ǹtì dúdú, mọ́ 27, ẹ di í fún un, kí ó máa lọ. Bí ó bá fẹ́ wígì, ẹ bílíìṣì wígì náà, bí ó bá jẹ́ irun ènìyàn. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe kò ní gbà á.

BÚLÚÙ

Ó ku ọ̀rọ̀ tónà, mo sì fẹ́ kí àwọn ìyá wa bá mi dáhùn. Nígbà tí aṣọ funfun bá ti ń pọ́n nítorí ọ̀pọ̀ ìfọ̀, kí ni ẹ máa ń fi sínú omi ìkẹyìn? Ẹ gbọ́ o: búlúù! Ṣé búlúù ló ń sọ aṣọ di funfun? Rárá. Ó ń pa ojú àwọ̀ ìyeyè yẹn ni, kí ojú lè rí funfun. Tónà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irun bá dúró ní àwọ̀ epo, tónà tó ní búlúù ni yóò pa á. Bí ó bá ti dé àwọ̀ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni yóò pa á. Bí ó bá ṣì pupa bí osùn, àwọ̀ ewé ni. Ẹni tó bá fi àlùkò sórí epo pupa yóò máa wò títí, epo ni yóò máa rí.

Tónà kì í gbé irun sókè. Bí ẹ bá fẹ́ 8, ẹ bó o dé 8 kí ẹ tó gbé tónà. Ó sì máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ti ń fọ orí; ẹ sọ èyí fún oníbàárà kí ó tó sanwó, kì í ṣe nígbà tí ó bá padà wá jà.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó, ojú yín ló kù. Ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó sórí àga yìí, ó di ọdún keje tí rílásà ti kan orí rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ajé ni mo ti tọ́ tónà sí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Kò yún un, kò wú. Irun tí mo gé níbi ìpàkọ́ rẹ̀ nìyí, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí: ti ìṣẹ́jú 15, ti ìṣẹ́jú 30, ti ìṣẹ́jú 45. Ẹ gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ ó rí osùn, ẹ ó rí epo, ẹ ó rí gàrí. Garawa omi mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ táwẹ̀lì. Ẹ bá wa ṣí fèrèsé ọ̀hún. Ta ló ní aago tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ẹ sún mọ́ ọn, nítorí pé bí mo bá ti da omi inú ìgò sórí páúdà yìí, ẹ̀yin ni ẹ ó máa ka ìṣẹ́jú fún mi.